Volume mẹ́ta lórí sáfà ìpamọ́ kan: thin ni àbí thick?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní sáfà ìpamọ́ kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dísíìkì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, tẹ́rábáìtì 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì so wọ́n pọ̀ ní RAID 5 (ètò tó ń jẹ́ kí dátà ṣì wà bí dísíìkì kan bá kú). Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló máa lò ó: ọ̀kan ń gbé àwọn VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà), ọ̀kan ń gbé dátábéèsì, ìkẹta wà fún fáìlì lásán. Mo dá volume mẹ́ta (àyè tí kọ̀ǹpútà máa rí bíi dísíìkì), mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tẹ́rábáìtì 5, sáfà sì gbà á wọlé láìjanpata. Ẹnì kan ní thin, kí sáfà kàn ṣèlérí àyè láìtíì gé e sọ́tọ̀, ni gbogbo ayé ń ṣe báyìí, kí n fọkàn balẹ̀. Ẹlòmíì ní ẹni tó bá ṣe thin ti fọwọ́ ara ẹ̀ fa ìjàngbọ̀n. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ìkejì: ṣé mo lè so kọ̀ǹpútà méjì mọ́ volume kan ṣoṣo kí wọ́n jọ máa lo fáìlì inú ẹ̀?

* * *

Kó tó di pé a dá ẹnikẹ́ni láre, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, 16. RAID 5 á yọ ìwọ̀n dísíìkì kan fún parity (àfikún tí wọ́n fi ń tún dátà tó sọnù ṣe), ó ku 12. Bẹ́ ẹ bá wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà tó ń fi 1024 kà dípò 1000, 10.9 lẹ máa rí. Kò sẹ́ni tó jí ìyókù o. Àwọn tó ń ṣe dísíìkì ló ń fi 1000 ka tiwọn.

Ẹ wá dá volume mẹ́ta ní márùn-ún márùn-ún. 15 nìyẹn. Ohun tó wà nílẹ̀ kò tó ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí, síbẹ̀ sáfà dákẹ́. Ìdí tó fi dákẹ́ ni pé ẹ ti ṣe thin tán kẹ́ ẹ tó wá béèrè bóyá kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ padà lọ wo ojú ewé tẹ́ ẹ ti dá wọn, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀.

Ká ní thick ni, sáfà ì bá gba àyè sílẹ̀ fún àkọ́kọ́ àti ìkejì, kó sì kọ ìkẹta lójú ẹsẹ̀. Thick máa ń gé àyè tiẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a, ì báà ṣófo, ì báà kún. Thin kàn ń kọ orúkọ àti ìwọ̀n sílẹ̀ ni. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ nǹkan sí i ni sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tó máa gbé e sí. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò mọ ìkankan nínú èyí. Wọ́n ní 5, ó gba 5 gbọ́.

* * *

Èrò mẹ́ta ló sábà máa ń jáde bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Àwọn kan á ní thick yára ju thin lọ. Ó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, torí pé bí thin bá fẹ́ kọ sí búlọ́ọ̀kù kan fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní láti kọ́kọ́ yan àyè fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, lórí dísíìkì tó ń yí, mi ò tíì rí ẹni tó lè fojú lásán dá ọ̀kan mọ̀ lára èkejì. Ẹ má torí ìyẹn yan ohunkóhun.

Àwọn kejì á ní thin ń fi àyè pamọ́. Àyè wo? Kò fi báìtì kan ṣoṣo kún dísíìkì yín. Àyè tẹ́nì kan kò tíì lò ló ń yá ẹlòmíì lò, ó sì ń retí pé àwọn méjèèjì kò ní béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn kẹta ni ọ̀tá thin, mi ò sì sí lẹ́yìn àwọn náà. Ẹni tó bá ti lo snapshot (àwòrán bí volume ṣe rí ní ìgbà kan) àtijọ́ ti LVM, ètò tí Linux fi ń pín dísíìkì, á rántí: ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n snapshot náà ṣáájú, bó bá sì kún, ó bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ò lè lò ó mọ́. Snapshot orí thin kò béèrè irú ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ń gbé VM mẹ́wàá tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa ṣe ẹ̀dà wọn lójú ẹsẹ̀, thin lẹ máa lò.

Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló máa máa wo iye tó kù lóòótọ́? Bẹ́ ẹ bá lè pe orúkọ onítọ̀hún, ẹ ṣe thin. Bẹ́ ẹ bá ń wo ara yín lójú, ẹ ṣe thick.

* * *

Mo ti jìyà ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Sáfà Linux kan ni, LVM thin pool (ìkójọ àyè tí gbogbo volume thin jọ ń lò), VM mẹ́jọ lórí ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo tẹ `lvs`, mo rí 96 lábẹ́ Data%, ìyẹn ni pé pool ti lo 96 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ẹ̀. Mo wá ohun tó ń jẹ àyè kiri, mo bá log kan (fáìlì àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀) nínú ọ̀kan lára àwọn VM náà, ó ti wú dé gígábáìtì 300. Mo pa á rẹ́. Mo tẹ `df -h` nínú VM yẹn, àyè ti yọ yanturu. Inú mi dùn, mo lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Ìgbà tó di alẹ́, gbogbo VM mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dì gbagidi. Kì í ṣe èyí tó ní log nìkan o. Àní èyí tí kò tíì lo ìdajì àyè tiẹ̀ náà dì. Mo tẹ `virsh list`: paused, paused, paused títí dé ìsàlẹ̀. Mo padà sórí `lvs`: Data% 100.00.

Ohun tí mi ò rò ni pé bẹ́ ẹ bá pa fáìlì rẹ́ nínú VM, filesystem inú VM (ètò tó ń to fáìlì sórí dísíìkì) nìkan ló mọ̀. Ó kàn fàmì sí àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn pé wọ́n ṣófo. Kò sẹ́ni tó sọ fún pool. Lójú pool, gígábáìtì 300 ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń fún VM náà ní búlọ́ọ̀kù tuntun bó ṣe ń kọ nǹkan sí ibòmíràn. `df` ni mo wò láàárọ̀ yẹn. `lvs` ló yẹ kí n padà wò.

Bí pool bá kún, Linux máa ń da àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ kọ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 60, bóyá ẹnì kan á fi àyè kún un. Bí kò bá sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó di àṣìṣe. Ohun tó gbà mí ni pé dísíìkì kan ṣì wà lọ́wọ́ mi: `pvcreate`, `vgextend`, `lvextend` lórí pool, lẹ́yìn náà `virsh resume` fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ mo fi `discard='unmap'` sínú àkọsílẹ̀ dísíìkì àwọn VM, mo tì wọ́n, mo tún wọn tàn, mo sì tẹ `fstrim -av` nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí VM lè sọ fún pool pé búlọ́ọ̀kù ti ṣófo. Ìgbà yẹn ni Data% tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Nǹkan méjì tí mo mú kúrò níbẹ̀. Nínú `lvm.conf`, ìlà kan wà tó ń jẹ́ `thin_pool_autoextend_threshold`. 100 ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, ìtumọ̀ 100 sì ni pé pool kò ní fẹ ara ẹ̀ láé. Mo sọ ọ́ di 80, mo sì rí i pé àyè wà nínú volume group (àpapọ̀ dísíìkì tí pool ti ń gba àyè) tó máa fi fẹ̀, torí bí kò bá sí, 80 náà kò lè ṣe nǹkan kan. Ìkejì, Meta% wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Data%, ìyẹn ti metadata, àkọsílẹ̀ ibi tí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ máa wo òun náà. Bí metadata bá kún, ìyà ẹ̀ ju ti Data lọ, torí àtúnṣe ni yóò kàn, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn fi dísíìkì kún un.

* * *

Wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n yé jẹ LVM níyà, pé bí mo bá lo ZFS, ètò mìíràn tó ń bójú tó dísíìkì àti fáìlì pọ̀, gbogbo èyí tán. Mo fẹ́ràn ZFS gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní tiẹ̀.

Volume inú ZFS, zvol ni wọ́n ń pè é. `zfs create -V 2T tank/db` á gba àyè sílẹ̀ fún un. Bẹ́ ẹ bá fi `-s` sí i, ó di thin. Títí dé ibẹ̀, ó rọrùn. Ibi tó ti ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni `volblocksize`, ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Kílóbáìtì 8 ló máa ń lò tẹ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan kan. Láti OpenZFS 2.2 ló ti di 16.

Ẹ mú dísíìkì mẹ́rin yín yìí, kẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe RAID-Z1 (irú RAID 5 ti ZFS), kí sẹ́kítọ̀ jẹ́ kílóbáìtì 4. Búlọ́ọ̀kù kílóbáìtì 8 jẹ́ sẹ́kítọ̀ méjì. Parity kan kún un, ó di mẹ́ta. RAID-Z1 kì í fi iye tí kò ṣeé pín sí méjì sílẹ̀, nítorí náà ó tún fi òfìfo kan dí i, ó di mẹ́rin. Ẹ fẹ́ kọ 8, ẹ jẹ 16. Ìdajì ti lọ, bí ẹni pé mirror (ẹ̀dà méjì dátà kan náà) lẹ ṣe, ẹ ò sì rí ìyára mirror gbà. Bó bá jẹ́ 16: sẹ́kítọ̀ mẹ́rin, parity méjì, mẹ́fà lápapọ̀, ẹ jẹ 24. Ó sàn díẹ̀, kò sì tíì dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ẹ ń fọkàn kà.

Volume á wá máa jẹ àyè ju ìwọ̀n tí ẹ fún un lọ, ẹ ó sì máa wá olè kiri. Ẹ ò sì lè yí `volblocksize` padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dá a; àfi kẹ́ ẹ dá òmíràn kẹ́ ẹ sì kó dátà kọjá. Fún VM, mirror ni èmi máa ń ṣe, mo gbà pé ìdajì lọ, mo sì sùn.

* * *

Ká wá sórí ìbéèrè kejì, torí òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Volume tẹ́ ẹ bá gbé jáde lórí iSCSI (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń lo dísíìkì orí sáfà gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kì í ṣe fóldà. Dísíìkì ni kọ̀ǹpútà rí, bí ẹni pé wọ́n dè é mọ́ inú ẹ̀. Á wá fi filesystem bí ext4, XFS tàbí NTFS sórí ẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó mọ̀ pé ẹlòmíì lè wà nídìí dísíìkì òun. Ó ń fi àkọsílẹ̀ ibi tó ṣófo sínú mẹ́mọ́rì tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní búlọ́ọ̀kù 5000 ṣófo, ó kọ ìwé ìṣirò owó síbẹ̀. Ìkejì kò gbọ́. Lójú tiẹ̀ 5000 ṣì ṣófo, ó kọ fọ́tò lé e. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́nì kan tó ṣí ìwé ìṣirò yẹn tó bá ìdajì fọ́tò nínú ẹ̀. Sáfà ò sì jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fi rán an ló ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé òun ti so méjì mọ́ ọ̀kan rí, pé kìkì kíkà ni ìkejì ń kà. Ọ̀gá, ext4 tẹ́ ẹ mount (so mọ́ kọ̀ǹpútà) fún kíkà nìkan ṣì lè kọ nǹkan sórí dísíìkì, torí pé bí journal (ìwé ìrántí ohun tó fẹ́ kọ) bá ní iṣẹ́ tí kò parí, á kọ́kọ́ parí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín kejì á wá máa parí iṣẹ́ tí àkọ́kọ́ ṣì ń ṣe lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ dandan kí kọ̀ǹpútà méjì jọ lo volume kan, ẹ fi filesystem tí wọ́n ṣe fún un sí i: VMFS fún VMware (ètò tó ń gbé VM), GFS2 tàbí OCFS2 lórí Linux. Àwọn wọ̀nyí máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan. Iṣẹ́ ńlá ni láti tọ́jú wọn, mi ò ní bá ẹni tó fẹ́ pín fáìlì lásán dá a lámọ̀ràn. Ẹni tó fẹ́ pín fáìlì, NFS tàbí SMB, ọ̀nà tí sáfà ń gbà pín fáìlì dípò dísíìkì. Láti 1984 ni ilé iṣẹ́ Sun ti ṣe NFS nítorí irú èyí gan-an: sáfà nìkan ló ní filesystem, àwọn tó kù ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: “Ṣé kí n kúkú gbé gbogbo ẹ̀ sórí NFS nígbà náà? Àwọn kan ní iSCSI yára jù.”

VM lórí NFS ń ṣiṣẹ́ dáadáa, fáìlì ni dísíìkì VM kọ̀ọ̀kan á jẹ́, ẹ lè fojú rí i, ẹ lè kó o. Dátábéèsì ni èmi máa ń fún ní iSCSI, kó ní dísíìkì tiẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a fọwọ́ kàn. Lórí wáyà gígábíìtì 1, ọ̀rọ̀ pé èwo ló yára jù kò wúlò: mẹ́gábáìtì 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo ohun tí wáyà lè gbé, nǹkan bíi 110 lẹ máa rí, mẹ́ta yín lẹ sì máa pín in. Láti kó tẹ́rábáìtì 1 kọjá, wákàtí méjì àbọ̀ nìyẹn, bí kò bá sẹ́lòmíì lójú ọ̀nà.

* * *

Torí a ti dárúkọ wáyà, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má ṣe fi iSCSI sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Port 3260 ló ń lò, dátà inú ẹ̀ kò sì ní ìbòjú kankan. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ sì fi CHAP (orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé) sí i, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá ṣèèṣì rí target náà (ẹnu ọ̀nà volume lórí sáfà) á kàn wọlé.

Àwọn tó ra wáyà méjì tí wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní LACP (ètò tó ń so wáyà púpọ̀ di ọ̀kan) máa ń bínú pé ìyára kò di ìlọ́po méjì. Kò lè dì í. Ìsopọ̀ TCP kan kì í gba wáyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú LACP. MPIO lẹ ń wá: ìsopọ̀ méjì, subnet méjì, kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ pín iṣẹ́ sáàárín wọn.

Jumbo frame (ìdì dátà ńlá) ńkọ́? Lórí gígábíìtì 1 mi ò kì í yọ ara mi lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, 9000 ni kẹ́ ẹ fi sí sáfà, switch àti kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì dán an wò pẹ̀lú `ping -M do -s 8972`. Ẹni tó bá gbàgbé switch nìkan á rí i pé login ń ṣiṣẹ́, fáìlì kékeré ń kọjá, tí ńlá bá dé, ohun gbogbo dúró. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wá irú àṣìṣe yẹn rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi `_netdev` sínú `fstab`, fáìlì tí Linux ń kà láti mọ ohun tó máa mount bó bá ń tàn. Láìsí i, kọ̀ǹpútà lè fẹ́ mount volume kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jí, kó sì jókòó síbẹ̀ máa dúró dè é.

* * *

Ẹnì kan ti wá sọ pé irú volume tí sáfà ń dá báyìí, tí wọ́n ń pè ní “virtual volume”, vVols ti VMware gan-an ni, pé gbogbo wa ń sọ nǹkan mìíràn. Orúkọ ló jọra. vVols dé pẹ̀lú vSphere 6.0 ní 2015, ó sì nílò sáfà tó gbọ́ èdè VASA. Kì í ṣe nǹkan tí ẹni tó ní dísíìkì mẹ́rin ń wá. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

* * *

Ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni mo ni sáfà yìí:

Dátábéèsì, iSCSI, thick, tẹ́rábáìtì 2. VM, thin, 4, nítorí snapshot. Fáìlì, NFS, ẹ fi quota (gbèdéke àyè) 3 sí i, ẹ má dá volume búlọ́ọ̀kù fún un rárá. Mẹ́sàn-án nìyẹn nínú 12. Ìlérí kò ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, thin tó wà níbẹ̀ kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára, bí snapshot kò bá jẹ ìyókù. Ẹ fi gbèdéke sí iye snapshot tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀. Ẹ má sì pè é ní ẹ̀dà ìpamọ́. Inú dísíìkì mẹ́rin kan náà ló wà, bí dísíìkì méjì bá sì kú, ó bá wọn lọ.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti kékeré: volume rọrùn láti fẹ̀, ó ṣòro láti sún kì. XFS ní `xfs_growfs`, ẹ̀ ń lò ó lọ́wọ́ lẹ ó fẹ̀ ẹ́. Ẹ fẹ́ dín in kù? Ẹ kó dátà jáde, kẹ́ ẹ dá òmíràn. Ext4 gbà kẹ́ ẹ dín òun kù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ umount ẹ̀, mo sì máa ń di ọkàn mi mú bí mo bá ń ṣe é.

* * *

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Màá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ lálẹ́ yìí kí n tún wọn dá.”

Ẹ má tíì fọwọ́ kan sáfà. Lórí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ umount, ẹ yọ ìlà ẹ̀ kúrò nínú `fstab`, ẹ tẹ `iscsiadm -m node -u` kó jáde, lẹ́yìn náà `iscsiadm -m node -o delete` kó má tún wá a kiri bẹ́ ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn. Bẹ́ ẹ bá ti ní nǹkan kan nínú wọn, ẹ kó o jáde kẹ́ ẹ tó ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ tẹ́rábáìtì 5, ìwọ̀n kò lè jẹ́ kẹ́ ẹ dá wọn mọ̀, sdb àti sdc sì lè pààrọ̀ ipò lẹ́yìn àtúntàn. Kẹ́ ẹ tó tẹ `iscsiadm` rárá, ẹ kọ́kọ́ tẹ `lsblk -o NAME,SIZE,SERIAL`, ẹ kọ serial tẹ́ ẹ rí sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi wé ti orí sáfà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn.